Ọdẹ́rìndé Dọ̀bálẹ̀ Lórí Òkè Ìgbọ́hùn

“Ẹni tí ẹ̀fọn bá ń jẹ, kó sún mọ́ èéfín. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà wá jókòó, nítorí ìrìn tí mo rìn yìí kò ní dúró de ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná. Mo ti gun ibi tí àṣá ti ń fi ẹsẹ̀ rìn kó tó dé òkè. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó gbé ìbọn mi wò. Bó bá lè gbé e kọjá orúnkún, kó wá máa sọ ìtàn tirẹ̀.”

Bí Ọdẹ́rìndé ọdẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ní ojúde ilé rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ti igbó dé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ tó kọjá ìkíni, àfi lọ́jọ́ náà tó ránṣẹ́ pe agbolé. Sùfíyánù aránṣọ, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ti gba àpótí tó dára jù. Dúrójayé jókòó sẹ́bàá ògiri, ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí lé ẹsẹ̀, ó ń bó o ní wóró kọ̀ọ̀kan, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì ló tọ́ ọmọbìnrin yìí dàgbà, ìyá àgbà náà sì ti lọ sọ́run. Dúrójayé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀gúsí nìkan ló kù tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Bàbá,” ni Sùfíyánù wí, “ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ lọ wá fún wa ná. A rí yín tí ẹ jáde pẹ̀lú ìbọn, a rí yín tí ẹ wọlé pẹ̀lú ìbọn. Ẹran dà?”

“Ohun tí mo lọ wá kì í wọ àpò ọdẹ, ìwọ ọmọ tí ń fi ẹnu rán aṣọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìndé kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó lọ wá nìyí. Ọdẹ́rìndé kò mọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ọdẹ́fúnkẹ́, ló gbé e pọ̀n, òun ló fi ẹ̀kọ mímu tọ́ ọ, òun náà ló sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà tó wà ní kékeré, ó yájú sí àgbà kan lójú ọ̀nà odò. Ọdẹ́fúnkẹ́ ní kó dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ọdẹ́fúnkẹ́ bá gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀wà jinná, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ ìkòkò, Ọdẹ́rìndé ṣì fi àyà lélẹ̀, iyanrìn ti kún ihò imú rẹ̀. Ìgbà tó wu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tó ní, “Àdìgún, dìde. Ó tó.” Láti ọjọ́ náà, bí ilé ń jó, Ọdẹ́rìndé kì í dìde nílẹ̀ àfi tí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún bá ní kó dìde.

Àdìgún ni oríkì rẹ̀. Oríkì kì í sì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ń pe àgbà. Ẹni tó jù ọ́ lọ ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, bó bá sì ti pè ọ́, bí o ti wù kí o dàgbà tó, ara rẹ á rọ̀ bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Bí Ọdẹ́rìndé bá ti ìgbẹ́ dé, ìbáà gbé ẹfọ̀n, ìbáà gbé òfìfo àpò, Ọdẹ́fúnkẹ́ á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Àdìgún! Àdìgún a-tẹ-ewé-gbígbẹ-má-dún! Ṣé o dé?” Orí ọdẹ á wú, àárẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ bí ẹrù. Irun rẹ̀ funfun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń pè é. Eyín rẹ̀ ń yọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń pè é.

Àwọn àgbà tó kù nílùú ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọdẹ tó jù ú lọ, igbó gbé òmíràn, ibùsùn gbé òmíràn. Níkẹyìn, Ọdẹ́fúnkẹ́ náà lọ. Èrò kún ilé ìsìnkú dé orí ògiri. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Nígbà tí àńjọ̀fẹ́ kú, kò sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ tí Ọdẹ́rìndé kọ́kọ́ ti ìgbẹ́ dé lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé ẹtu kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Ó dúró títí ẹ̀jẹ̀ ẹtu fi gbẹ mọ́ ọn láṣọ. Àwọn ọmọdé ń kọjá, wọ́n ń kí i: “Bàbá Ọdẹ, ẹ káàbọ̀ o.” Ìkíni náà dára. Kò sí àbùkù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ku ẹnì kan lókè eèpẹ̀ tó lè pè é ní Àdìgún.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rántí ohun tí Ọdẹ́fúnkẹ́ gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn. Bàbá wọn ní òkè kan ń bẹ lẹ́yìn igbó àti ẹ̀yìn ìlú kan tí kò jọ ìlú. Òkè Ìgbọ́hùn ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá dé orí rẹ̀, ẹnu tó pè é ní oríkì kẹ́yìn láyé yóò tún pè é. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn, ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ sọ́nà.

“Ẹ gbọ́,” ni ó wí fún àwọn tó jókòó, ó na ìka sókè, “ọ̀nà òkè yẹn kì í ṣe ọ̀nà ọmọlúàbí. Bí mo bá ń lọ síwájú, ó ń rìn padà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo rìn ní gbogbo òwúrọ̀, mo tún bá ara mi lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀yin ìbá ti sunkún. Èmi kọ́! Mo kọ ẹ̀yìn sí ibi tí mò ń lọ, mo ń rìn sẹ́yìn bí alákàn. Ọ̀nà bá rò pé ilé ni mò ń lọ. Ó fẹ́ dá mi lọ́nà, ó sáré gbé mi lọ síbi tí mò ń fẹ́ gan-an.”

“Ọ̀nà wá gọ̀ tó bẹ́ẹ̀, Bàbá?” ni Sùfíyánù bi í.

“Ó gọ̀. Ṣùgbọ́n kò gba aṣọ oníbàárà rí kó máa sọ pé ọ̀la ni, ọ̀la ni, títí Iléyá fi kọjá.”

Ariwo ẹ̀rín sọ. Dúrójayé pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Sùfíyánù ní òun ti dákẹ́.

Níbi tí ọ̀nà náà já a sílẹ̀ sí, iwin kan jókòó dí ojú ọ̀nà. Ìdí rẹ̀ gba ọ̀nà láti igi dé igi, orí rẹ̀ wà láàárín ewé, koríko sì ti hù sí i létí nítorí ó pẹ́ tí ẹnì kan ti bá a sọ̀rọ̀. Jókòó-sọ́nà ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́rìndé yìnbọn lù ú. Ọta ìbọn di ẹ̀wà sísè nínú afẹ́fẹ́, Jókòó-sọ́nà sì ń ṣa á ní wóró wóró, ó ń jẹ ẹ́.

“Iyọ̀ rẹ̀ kò tó,” ni iwin wí. “Ọdẹ, bí o bá fẹ́ kọjá, gba àlọ́ mi. Kí ló wà lẹ́nu àgbà tí kò sí lẹ́nu ọmọdé? Ọmọdé kò lè jí i, àgbà kò lè tà á. Bí àgbà bá sì kú, ẹni tó ni ín kò lè fi í pe ara rẹ̀.”

Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé. Ó jókòó sílẹ̀ gbì.

“Oríkì mi ni,” ni ó wí.

Jókòó-sọ́nà fi ọwọ́ ya ewé, ó bojú wò ó. “Àwọn tó ti gba àlọ́ yìí rí, ijó ni wọ́n ń jó. Ìwọ nìkan lo gbà á tán tí ojú rẹ ń ṣomi.”

“Òun gan-an ni mò ń wá lọ.”

Iwin náà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé ti kọjá lọ díẹ̀, ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn: “Bí o bá ń padà bọ̀, bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i.”

Bí ilẹ̀ ti mọ́ ló dé ibodè ìlú náà. Wòmí-kí-o-lọ ni orúkọ ìlú yìí. Oníbodè wọn kò béèrè ibi tó ti wá, kò fún un lómi, òfin ló kà sí i létí: “Àlejò kì í sùn níhìn-ín. Òwúrọ̀ ni ti ìlú, ọ̀sán ni ti òkè, ìrọ̀lẹ́ ni ti ẹsẹ̀ rẹ. Bí oòrùn bá wọ̀ bá ọ lórí òkè, tiwa ni ọ́.” Ó wá pe ẹni tí yóò mú un kiri ìlú.

Ẹni náà kò ga ju odó lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn tó fi jẹ́ pé ó fi í di ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ ìdí. Ojú mẹ́ta ló ní, méjì níwájú, ọ̀kan ní ìpàkọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti rẹ̀ bí ojú ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá oorun. Mo-ti-rí-i-rí ni wọ́n ń pè é.

Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ kan ilẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ o, bàbá.”

“Mo ti gbọ́ ọ rí,” ni Mo-ti-rí-i-rí wí, ó sì ti ń lọ.

Wọ́n wọ ìgboro. Àwọn ará ìlú tò síwájú ilé wọn bí ohun tí wọ́n pàtẹ. Ọkùnrin kan fi osùn kun ara títí dé ahọ́n. Òmíràn dé fìlà méje léra wọn. Obìnrin kan na irun rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi kọjá odò, àwọn ewúrẹ́ sì ń fi ṣe afárá. Bí àlejò bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á ní, “Wò mí!” Bó bá wò wọ́n, wọ́n á ní, “Ó tó. Máa lọ.” Ọdẹ́rìndé, tí wọ́n kọ́ nílé, ń kí wọn kiri. Ẹ kú ìdúró o! Ẹ kú ọ̀ṣọ́ o! Ẹ kú ọrùn o, pẹ̀lú irú fìlà báyìí! Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bí àlejò bá lójú bí igbá, kò fi ríran, ṣùgbọ́n ohun tí Ọdẹ́rìndé rí lọ́jọ́ náà yé e kíákíá. Gbogbo ìlú ń fẹ́ kí wọ́n wo àwọn, ẹnì kan nínú wọn kì í sì í wo ẹnì kejì.

“Bàbá, ṣé ohun gbogbo lẹ ti rí rí ni?” ni ó bi Mo-ti-rí-i-rí.

“Ohun gbogbo. Mo rí òkè yẹn nígbà tó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó há sínú bàtà mi. Mo rí odò yìí nígbà tó jẹ́ omijé.”

“Kò wá sú yín?”

“Ó ti sú mi rí.”

Wọ́n dé ààfin. Ọba jókòó, ó kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn èrò ń wò. Wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lẹ́yìn, wọ́n ya àwòrán ojú sí i ní ìpàkọ́, ojú náà ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò ń wò ó, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń kọjá. Ọdẹ́rìndé kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, “Kábíyèsí o.”

Èjìká ọba gbọ̀n.

“Ta nìyẹn?” Ohùn náà kéré, ó dàbí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. “Ṣé èèyàn ló wà lẹ́yìn mi?”

“Èèyàn ni, Kábíyèsí.”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Jọ̀ọ́, bí o bá délé…”

Mo-ti-rí-i-rí ti fa Ọdẹ́rìndé lẹ́wù jáde. “A kì í bá ohun tí a wá wò sọ̀rọ̀ níhìn-ín,” ni ó wí. Ọdẹ́rìndé kò mọ ohun tí ọba fẹ́ kó ṣe bó bá délé. Títí di ìrọ̀lẹ́ tó ń ròyìn yìí, ó ṣì ń rò ó.

Ibi tí wọ́n yà sí kẹ́yìn ni ọjà. Ẹ̀rín òkú ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n dè é mọ́ inú àdó kéékèèké. Bí obìnrin tó ń tà á bá ṣí àdó kan díẹ̀, ẹ̀rín á tú jáde, ẹ̀rín ìyàwó, ẹ̀rín arúgbó tí kò léyín, ẹ̀rín ọmọ tí wọ́n ń rìn ní ìgbáròkó. Ọdẹ́rìndé fi etí sí àdó kan, sí òmíràn. Ó gbọ́ ẹ̀rín Ọdẹ́fúnkẹ́. Ó mọ̀ ọ́n, nítorí Ọdẹ́fúnkẹ́ máa ń fi ikọ́ parí ẹ̀rín rẹ̀.

“Ìyá, ẹ bá mi wá èyí tó ń pe orúkọ,” ni ó wí. “Èmi ò fẹ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín kì í mọ ẹni tó ń gbọ́ òun.”

Obìnrin náà dé àdó rẹ̀. “Èyí tó ń pe orúkọ kì í gbé inú àdó. Ó wà lórí òkè. Ṣùgbọ́n ọdẹ, ra ẹ̀rín kí o máa lọ sílé. Ẹ̀rín kò pa ẹnikẹ́ni rí.”

Ọdẹ́rìndé wo àdó náà pẹ́. Ó gbé e padà sórí àtẹ, ó sì kọjú sí òkè.

Ní ẹsẹ̀ òkè náà, òkúta dúró káàkiri bí èrò. Òmíràn fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. Òmíràn la ẹnu. Òmíràn ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ọmọ tó fẹ́ sáré wọlé.

“Àwọn tó dáhùn nìyẹn,” ni Mo-ti-rí-i-rí wí. “Òkè yìí kì í jẹ ẹran, kì í mu ẹ̀jẹ̀. Ìdáhùn ni oúnjẹ rẹ̀. Ohùn tí o wá gbọ́ á pè ọ́. Gbọ́ ọ, kí o dákẹ́, kí o sọ̀kalẹ̀. Bí o bá fi ẹnu dá a lóhùn, wọ́n á máa mú àlejò wá wò ọ́ lọ́la.”

“Ìyẹn nìkan?” Ọdẹ́rìndé gbá àyà. “Ṣé ẹ mọ ẹni tó bí mi? Bàbá mi kọ́ mi kí n tó lè gbé àdá pé bí wọ́n bá pè mí nínú igbó, tí n kò rí ẹnu tó pè mí, kí n gbé ahọ́n mì. Iwin ti fi ohùn ìyàwó pè mí rí, n kò jẹ́. Ó fi ohùn ọba pè mí, n kò jẹ́. Ó fi ohùn onígbèsè mi tó fẹ́ san gbèsè pè mí, ẹ gbọ́ o, n kò jẹ́!”

“Mo ti gbọ́ ìyẹn náà rí,” ni Mo-ti-rí-i-rí wí. Ó nawọ́ sí òkúta tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. “Òun ló sọ ọ́.”

Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Koríko òkè náà ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n ń bi í léèrè ní ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Ta lo fi sílé? Ta lo fi sílé?” Kò rí èsì fún wọn, bí kò sì ti rí èsì, wọ́n ń tú u sílẹ̀ fúnra wọn, bí ẹni tí àánú ṣe. Afẹ́fẹ́ gba fìlà rẹ̀. Àpáta mú bí eyín ayùn, ó fi orúnkún rìn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ rìn. Bí oòrùn ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí ló fi ọwọ́ kan ibi tí òkè parí sí, ó fa ara rẹ̀ gòkè, ó sì dìde dúró.

Ó wò.

Ayé tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Wòmí-kí-o-lọ kéré bí ẹ̀kún ọwọ́ iyọ̀ tó dà sílẹ̀. Igbó tó fi ẹ̀mí wewu nínú rẹ̀ dàbí ewéko tó hù lórí omi. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rí ìlú wa. Ó rí agbolé, ó rí igi ọ̀pẹ tó tẹ̀, ó rí ilé rẹ̀. Wọ́n ń dáná oúnjẹ ọ̀sán. Èéfín ń rú nílé Sùfíyánù, èéfín ń rú nílé gbogbo èèyàn, ó dúró lókè ilé kọ̀ọ̀kan bí igi tó funfun. Lókè ilé Ọdẹ́rìndé, kò sí nǹkan kan.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

“Àdìgún!”

Kò wá láti ọ̀run, kò wá láti inú ilẹ̀. Ó wá bí ìgbà tí ẹnì kan wà ní ilé ìdáná tó fẹ́ kó wá bá òun sọ ìkòkò kalẹ̀. Òógùn bo Ọdẹ́rìndé. “Hòo” ti dé ètè rẹ̀, ó gbé ahọ́n mì. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbọ́ ti bàbá. Ẹ̀kọ́ tí Ọdẹ́fúnkẹ́ fi ẹ̀wà kọ́ ọ ni ara rẹ̀ mọ̀. Ọmọ tí àgbà pè ní oríkì tó dúró ṣánṣán bí òpó, kí la ó pe ìyẹn? Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí àpáta, ó fi àyà lé e, ó fi iwájú orí lé e, ó di eyín.

“Àdìgún!” ni ohùn náà tún pè. “Àdìgún a-tẹ-ewé-gbígbẹ-má-dún! Ṣé o dé?”

Ó gé ètè rẹ̀ jẹ. Ó ń mi orí lórí àpáta, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, mo dé.

Ohùn náà ń tẹ́tí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í jẹ́ kí ewé gbígbẹ dún, ta ni yóò mọ̀ pé ó dé?

“Àdìgún,” ni ó wí lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti rẹlẹ̀. “Àbí o kò sí níbẹ̀ ni? Ó dáa. Mo ṣe bí o ti dé ni.”

Ó sì lọ. Ọdẹ́rìndé gbọ́ lílọ rẹ̀ bí a ti ń gbọ́ pé òjò dá.

Báyìí ló ku òun nìkan lórí òkè, ó wà nílẹ̀. Ó ti ṣẹ́gun òkè. Ó ti gbọ́, kò sì dáhùn. Ohun tó kù ni kó dìde kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó dìde?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ wí fún ara rẹ̀ pé, “Ọdẹ́rìndé, dìde, oòrùn ń lọ.” Apá rẹ̀ kò gbà. Ọdẹ́fúnkẹ́ kò tíì ní kó dìde. Bó bá dìde láìgbàṣẹ, ó dà bí ẹni pé ó ti gbà pé kò sí Ọdẹ́fúnkẹ́ mọ́ níbikíbi, àti pé kò sí ẹni tó lè bínú sí òun mọ́ láyé. Ìyẹn gan-an ni kò lè gbà. Ó wà nílẹ̀. Òjìji òkè ń gùn. Àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í fa àyà rẹ̀ mọ́ra, ó tutù bí ọwọ́ ẹni tó ti odò dé. Ìka ọwọ́ rẹ̀ wúwo, àwọ̀ rẹ̀ ń di àwọ̀ òkúta. Ó ń rò ó pé, ṣé bẹ́ẹ̀ náà kọ́ ni? Nílé, èéfín mi kò sí. Níhìn-ín, ó kéré tán, wọ́n á máa mú àlejò wá.

Oòrùn ti kan orí igi nígbà tí Mo-ti-rí-i-rí gun òkè wá wo irú òkúta tó dà. Ó dúró. Ó fi ojú méjì wò ó. Ó yí padà, ó fi ojú ìpàkọ́ wò ó. Ó tún yí padà.

“Èyí,” ni ó wí, “èyí, èmi kò rí i rí.”

Ó jókòó sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ọdẹ, ṣé o dáhùn ni?”

“N kò dáhùn.”

“Kí ló wá mú ọ mọ́lẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì ní kí n dìde.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ. Ọdún mélòó lo fẹ́ fi wà níbẹ̀?”

“Ẹni tó jù mí lọ ló lè gbé mi dìde, bàbá. Ẹni tó jù mí lọ sì ti tán.”

Mo-ti-rí-i-rí tú irùngbọ̀n rẹ̀ nídìí, ó tún un dì, bí ẹni tí kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe. “Mo sọ fún ọ pé inú bàtà mi ni òkè yìí ti bẹ̀rẹ̀,” ni ó wí. “Èmi kò wá jù ọ́ lọ?”

Ọdẹ́rìndé kò rò ó dé ibẹ̀. “Ẹ jù mí lọ,” ni ó wí.

“Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń pè ọ́, bó bá fẹ́ kí o dìde?”

Ọdẹ́rìndé sọ ọ́ fún un. Arúgbó náà gbìyànjú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ tí kò jẹ rí wò. Lẹ́yìn náà ó la ohùn.

“Àdìgún, dìde. Ó tó.”

Òkè tú u sílẹ̀. Ó fà ya kúrò lára àpáta bí ẹ̀kọ tí a fà kúrò lára ewé, awọ àyà rẹ̀ díẹ̀ sì kù síbẹ̀. Ó jókòó, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n fún lẹ́wà jẹ lẹ́yìn ìyà. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni oríkì tiyín?”

Mo-ti-rí-i-rí la ẹnu. Ojú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa dé, bí ẹni tó fẹ́ rántí. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé.

“Ẹnu tó mọ̀ ọ́n ti kú kí oòrùn tó mọ ọ̀nà. Bí mo bá sì sọ ọ́, kí lo fẹ́ fi ṣe? O kò lè pè mí. Ọmọdé ni ọ́.”

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ní ibodè, tí ilẹ̀kùn ti ń pa dé, arúgbó náà bi í léèrè nǹkan kan. “Àdìgún, àwọn tó kéré sí ọ nílé, ta ní ń pe oríkì wọn?”

Kí Ọdẹ́rìndé tó lè fèsì, ilẹ̀kùn ti pa dé.

“Ṣé ẹ bá Jókòó-sọ́nà sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ ń padà bọ̀?” Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo ojúde yíjú. Dúrójayé ni. Ó ti tẹ orí ba sórí àtẹ, ojú ń tì í.

“Mo bá a sọ̀rọ̀,” ni Ọdẹ́rìndé dá a lóhùn. “Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Mo bá a tu koríko etí rẹ̀.”

Sùfíyánù ní ìtàn dùn, ṣùgbọ́n òun á fẹ́ rí ibi tí òkúta ti gba awọ. Ọdẹ́rìndé ṣí dàńṣíkí. Ó wà níbẹ̀ láàárín àyà, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó dán, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti àpáta. Sùfíyánù wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò rí nǹkan sọ. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo aṣọ oníbàárà kan.

“Àlàbí,” ni Ọdẹ́rìndé pè é. “Ó dàárọ̀ o.”

Sùfíyánù dúró gbagidi. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti àpótí lọ́wọ́. “Dìde, ó tó,” ni ọdẹ wí. Sùfíyánù dìde, ó bọ́ sọ́nà ilé.

Bí wọ́n ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, ó sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó mọ oríkì wọn, àwọn tó rò pé òun ti gbàgbé. Ojúde ń ṣófo. Dúrójayé ló kù, ó ń gbá èèpo ẹ̀gúsí jọ, ó ń ṣe é kíákíá kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn ọdẹ lẹ́yìn rẹ̀.

“Àwẹ̀ró.”

Àtẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gúsí fọ́n ká ilẹ̀ tútù. Ìyá àgbà nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, láti inú ilé kejì, láti ẹ̀yìn ògiri, ọdẹ yìí sì ti ń gbọ́ ọ láti ọdún wọ̀nyí wá, kò mọ̀ pé ó ń gbọ́ ọ. Dúrójayé yí padà. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀ kó tó mọ̀.

“Bàbá,” ni ó wí.

Ọdẹ́rìndé wò ó níbi tó kúnlẹ̀ sí láàárín ẹ̀gúsí. Kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi. Ó tó.”

Wọ́n bá ara wọn ṣa ẹ̀gúsí náà. Nígbà tí wọ́n ṣa á tán, Dúrójayé kò gbé àtẹ lọ sílé. Ó gba ẹ̀yìn lọ sí ilé ìdáná Ọdẹ́rìndé, ó gbọn eérú tó ti pẹ́ kúrò lójú ààrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi gbígbẹ. Ọdẹ́rìndé padà sórí àpótí rẹ̀. Ó tẹ́tí sí apá ibi tí òkè wà. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Kò sì sí ẹni tí yóò pè é mọ́. Ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n bí arúgbó olójú mẹ́ta kan bá gun òkè lọ́jọ́ náà, tó sì wo apá ibí, yóò rí èéfín tó ń rú níbi tí kò ti rí èéfín rí.